Bí Tọkọtaya Tó Pínyà Ṣe Lè Yanjú Ọ̀rọ̀ Mọ́tò Tí Wọ́n Jọ Ń Lò

Nígbà tí tọkọtaya bá pínyà, tí ilé ẹjọ́ kò sì tíì pín ohun ìní wọn, ọ̀rọ̀ mọ́tò kì í pẹ́ dìjà, nítorí pé a lè pín owó, a lè pín ohun èlò inú ilé, ṣùgbọ́n mọ́tò kan ṣoṣo kò lè gbé ẹni méjì lọ síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Ẹ kọ́kọ́ ya ìbéèrè méjì sọ́tọ̀: ta ni yóò máa lò ó báyìí, àti ta ni yóò ni ín nígbẹ̀yìn. Àwọn tó bá da méjèèjì pọ̀ ni ìjà wọn máa ń le jù.

Ẹ má ṣe gbà pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé mọ́tò ti jàre tán. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ohun tí a rà nígbà tí a wà nínú ìgbéyàwó lè jẹ́ ti àwọn méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ló fọwọ́ sí ìwé. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé e pamọ́, ẹ má sì tà á láìjẹ́ pé ẹ jọ gbà bẹ́ẹ̀, nítorí adájọ́ lè ka owó rẹ̀ sí yín lọ́rùn nígbà ìpín. Bí ẹnu yín kò bá kò rárá, agbẹjọ́rò lè bá yín béèrè àṣẹ onígbà díẹ̀ lọ́dọ̀ adájọ́ lórí ẹni tí yóò máa lò ó.

Bí ẹ bá ṣì lè bá ara yín sọ̀rọ̀, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ojú ìwé kan péré, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò lò ó, ẹni tí yóò ra epo, ẹni tí yóò sanwó mẹkáníìkì, àti ẹni tí yóò ru ìnáwó bí mọ́tò bá fara gbá. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, òun ló sì máa ń dun ọkàn jù: ṣé ẹlòmíràn lè wà á? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀rẹ́ tuntun tó jókòó sídìí ọkọ̀.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń gba mọ́tò lọ́wọ́ ara yín, ẹ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iye kìlómítà tó ti rìn àti ibi tí epo dé. Ìṣẹ́jú méjì kò gbà, ó sì lè gbà yín lọ́wọ́ àríyànjiyàn oṣù mélòó kan lórí ibi kan tí ilẹ̀kùn ti ha. Ẹ yẹ abẹ́ ìjókòó wò kí bàtà ọmọ má bàa bá mọ́tò lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bá ara yín jà lórí kọ́kọ́rọ́ níṣojú àwọn ọmọ. Bí ẹ̀rù ẹnì kejì bá ń bà yín, ẹ má ṣe pàdé rẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò tàbí ẹni tí ẹ fọkàn tán fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́.

Ẹ má ṣe yọ orúkọ ẹnì kejì kúrò nínú ìwé adójútòfò ní ìkọ̀kọ̀, nítorí bó bá ní ìjàǹbá, iléeṣẹ́ náà lè kọ̀ láti sanwó, àdánù náà yóò sì kan ẹ̀yin méjèèjì. Gbèsè orí mọ́tò tún nílò ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó ni báńkì mọ̀. Àṣẹ ìkọ̀sílẹ̀ tó ní kí ẹnì kan máa san án kò yọ ẹnì kejì kúrò nínú rẹ̀, àfi bí báńkì bá gbà láti kọ ìwé mìíràn.

Tó bá kan ìpín, ẹ wádìí iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ lọ́jà, kí ẹ sì yọ gbèsè kúrò. Ká ní ó tó 6,000,000 ní owó ìlú yín, tí gbèsè sì ku 2,000,000, ohun tó kù láti pín jẹ́ 4,000,000. Bí ẹ bá gbà láti pín in dọ́gba, ẹni tó gba mọ́tò yóò fún ẹnì kejì ní 2,000,000, yóò sì dá ru gbèsè náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí orúkọ inú ìwé padà kíákíá, nítorí títí di ìgbà náà, orí olórúkọ ni owó ìtanràn yóò máa bọ́ sí. Ẹni tó ń fi mọ́tò sílẹ̀ gbọ́dọ̀ pa nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀ tuntun rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ inú ọkọ̀ náà kó tó kó kọ́kọ́rọ́ kejì lé ẹnì kejì lọ́wọ́.