Agbádá Nínú Ọyẹ́: Bí A Ṣe Ń Ya Fídíò Orin Sórí Fíìmù 16mm l'Abuja

Bí ẹ bá fẹ́ kí agbádá máa fẹ́ lẹ̀lẹ̀ nínú atẹ́gùn ọyẹ́, síbẹ̀ kí ẹnu olórin máa bá orin lọ, orin ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kì í ṣe kámẹ́rà. Ẹ mú kí orin yára ní ìlọ́po méjì lórí kọ̀ǹpútà, kí olórin máa bá a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí kámẹ́rà sì máa ya àwòrán 48 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá wá fi 24 wò ó, ẹnu á bá orin gidi mu, aṣọ àti ara á máa falẹ̀.

Fújì kò gba ìlọ́po méjì o! Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, ahọ́n á kọ́. Ìlọ́po kan àtààbọ̀ ló tó, kámẹ́rà sí 36. Ẹ fún olórin ní orin tó ti yára náà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ọwọ́ onígángan kò ní lè bá a, nítorí náà kó máa lu ibi tí ijó ti ń tẹ ẹsẹ̀ nìkan. Kámẹ́rà tí mọ́tò rẹ̀ jẹ́ crystal sync, èyí tí eré rẹ̀ kì í yí padà, ni kí ẹ yá. Kámẹ́rà Bolex tí a ń fọwọ́ ká kì í sáré dọ́gba, ẹnu á yà kúrò lára orin.

Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta àtààbọ̀ jẹ́ àwòrán 5,040. Àwòrán 40 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan, torí náà ẹsẹ̀ bàtà 126 ni orin kan ń jẹ, ì báà jẹ́ 36 tàbí 48. Róòlù ẹsẹ̀ bàtà 400 á gbà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyókù 22 wà fún ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, ẹ má fi dán ẹlẹ́ẹ̀kẹrin wò.

Lọ́sàn-án, Kodak 50D, fíìmù tí a ṣe fún ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ni. Nínú oòrùn gbangba, ẹ ṣí ojú lẹ́ńsì sí f/11 láti bẹ̀rẹ̀ bó bá jẹ́ 36, f/8 bó bá jẹ́ 48. Ìmọ́lẹ̀ á fi díẹ̀ pọ̀ jù, fíìmù nẹ́gátíìfù sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Òkùnkùn ni kò fẹ́. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, ẹ máa wo mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀. Àpáta Zuma tó hàn kedere ní oṣù Kẹwàá lè pòórá ní oṣù Kìíní, àfi kí ẹ súnmọ́ ọn.

Gbígbẹ afẹ́fẹ́ tún burú ju eruku lọ. Bí ẹ bá fa fíìmù kíákíá nínú àpò dúdú tí a ti ń ki fíìmù sí kámẹ́rà, iná kéékèèké á ta sí i lára, á sì hàn lórí àwòrán bí ẹ̀ka mànàmáná. Ẹ fọwọ́ pẹ̀lẹ́ fà á, ẹ má wọ aṣọ ọ̀rá. Lẹ́yìn yíyà kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ lẹ́ńsì, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo fèrèsé kékeré tó wà níwájú fíìmù. Òwú agbádá kan ṣoṣo níbẹ̀ á dà bí okùn lójú àwòrán. Igi tín-ín-rín ni kí ẹ fi yọ ọ́, kì í ṣe irin.

Fíìmù tí a kò tíì fọ̀ kò gbọdọ̀ sùn nínú búùtù mọ́tò, kò sì gbọdọ̀ wọ inú ẹrù abẹ́ bàálù. Ẹ gbé e lọ́wọ́ dé pápákọ̀ òfuurufú, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ẹ̀rọ CT tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò ń bà á jẹ́. Ẹ mú agolo mìíràn tí àjákù fíìmù wà nínú rẹ̀ dání: bí òṣìṣẹ́ bá ní òun fẹ́ ṣí i wò, ìyẹn ni kó ṣí.