Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Àwọn Fọ́tò Ilé Títà Kan ní Old Bódìjà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n fẹ́ tà ní Old Bódìjà, ní Ìbàdàn. Kánádà ni àwọn fúnra wọn ń gbé, èmi tí mo wà nílé ni wọ́n sì ní kí n máa bá àwọn mójú tó títà rẹ̀. Ọdún 2023 ni èjẹ́ǹtì ya àwọn fọ́tò tó gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ṣáájú ìbúgbàmù tó mi ìlú Ìbàdàn tìtì ní alẹ́ ọjọ́ 16, oṣù Kìíní, ọdún 2024, tó wó ilé ní àdúgbò náà, tó sì gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn. Ilé ẹ̀gbọ́n mi kò wó, ṣùgbọ́n gíláàsì àwọn fèrèsé fọ́, àjà pálọ̀ sì já. Wọ́n ti ná owó láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe, síbẹ̀ ẹni tó bá wo àwọn fọ́tò náà kò lè mọ̀.

Láti ìgbà náà, ohun tí ẹni tó bá fẹ́ ra ilé ní Old Bódìjà máa ń kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ wa ni bóyá ìbúgbàmù náà kan ibẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá rí fèrèsé lúfà nínú fọ́tò, tó wá dé ilé tó bá fèrèsé alumíníọ̀mù tuntun, ọkàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iyèméjì, àtúnṣe tó yẹ kó jẹ́ iyì ilé náà á sì wá dà bí ohun tí a ń fi pamọ́. Mo gbà pé fọ́tò tí kò bá ilé mu mọ́ burú ju kí fọ́tò má sí rárá lọ. Ìdí nìyí tí mo fi pinnu pé gbogbo wọn ni a óò pààrọ̀, nítorí pé bí tuntun àti àtijọ́ bá dà pọ̀ nínú ìpolówó kan náà, olùrà kò ní mọ èyí tí òun ì bá gbà gbọ́.

Mo kọ́kọ́ ṣí àwọn fọ́tò àtijọ́ náà lórí fóònù, mo sì gbé wọn rìn láti yàrá dé yàrá, mo ń dúró síbi tí ẹni tó yà wọ́n dúró sí, mo sì ń kọ gbogbo ohun tó ti yí padà sínú ìwé. Fèrèsé àti àjà nìkan kọ́. Ọ̀dà ara ògiri ti yàtọ̀, wọ́n ti gé igi máńgòrò iwájú ilé, aládùúgbò ẹ̀yìnkùlé sì ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó dojú kọ fèrèsé yàrá òkè. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò dùn mọ́ wa nínú, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìmọ́tótó. Òjò ti ta ẹrẹ̀ pupa sí ìsàlẹ̀ ògiri yíká, nítorí náà a fọ̀ ọ́. Mo sì ká gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó àti ti àwọn ọmọ kúrò lára ògiri, nítorí pé ẹni tí a kò mọ̀ rí ni yóò máa wo ìpolówó náà. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ló háyà bọ́ìsì kọ́tà ẹ̀yìn ilé. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo sì tọrọ àyè kí n tó gbé fóònù sókè. Wọ́n ní, "Kò burú, ọmọ mi, ṣùgbọ́n má ya ẹrù mi mọ́ ọn o." Ìta nìkan ni mo sì yà níbẹ̀.

Ìlà-oòrùn ni ilé náà kọjú sí, nítorí náà àárọ̀ ni mo ya iwájú rẹ̀, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sára ògiri. Ní ti inú ilé, ojú ọjọ́ oṣù Keje tó máa ń ṣú ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rọ̀, fèrèsé kì í sì í funfun báláú nínú fọ́tò bí ìgbà tí oòrùn bá mú. Mo nu ojú kámẹ́rà, mo ṣí gbogbo kọ́tìnì, mo sì pa àwọn gílóòbù, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ wọn máa ń yí àwọ̀ ògiri padà bó bá pàdé ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́. Mo bọ́ lọ́wọ́ dídúró de iná mànàmáná pẹ̀lú. Igun yàrá ni mo ń dúró sí, mo ń gbé fóònù sí ìbú ní ọ̀gangan àyà, mo sì ń rí i pé etí ilẹ̀kùn dúró ṣánṣán. N kò lo ojú kámẹ́rà tó máa ń fẹ ibi tó há, nítorí pé ó ń sọ yàrá kékeré di gbọ̀ngàn.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fi sùúrù sí jù. Ará Ìbàdàn kì í fi ọ̀rọ̀ àgbàrá ṣeré: àwọn àgbà rántí omíyalé Ògùnpa ti oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, àwọn tí a kò tíì bí nígbà yẹn sì rántí ti ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011. Olùrà fẹ́ mọ̀ bóyá omi máa ń wọlé, fọ́tò ìgbà ọyẹ́ kò sì lè dá a lóhùn, nítorí pé gbogbo gọ́tà ló máa ń gbẹ nígbà náà. Mo dúró de òjò ńlá, bó sì ti dá ni mo lọ ya géètì, ojú títì, gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ògiri àti ẹ̀yìnkùlé, nígbà tí omi ṣì ń ṣàn. Omi dúró sínú gọ́tà, kò wọ ọgbà, àyàfi lẹ́bàá tánkì, níbi tó ti dá rogún díẹ̀. Mo ya ìyẹn náà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi rí i, wọ́n pè mí: "Àbúrò, ṣé dandan ni ká fi èyí hàn wọ́n?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó sàn kí wọ́n rí i lórí fóònù ju kí wọ́n wọkọ̀ láti Èkó wá bá a lọ." Wọ́n gbà, a sì fi í sínú ìpolówó náà.

N kò ya ìwé ilé àti sọ́fè mọ́ ọn, nítorí pé àwọn oníjìbìtì lè fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ta ilé onílé. Ẹni tó bá ṣe tán láti rà á yóò rí wọn lójúkojú pẹ̀lú lọ́yà rẹ̀. Bí dókúmẹ́ǹtì ni mo ṣe fi àwọn fọ́tò náà ránṣẹ́ sí èjẹ́ǹtì lórí WhatsApp, kí wọ́n má baà pàdánù dídán wọn, mo sì kọ oṣù àti ọdún tí a yà wọ́n sínú ìpolówó. Iṣẹ́ tó kù le díẹ̀: àwọn èjẹ́ǹtì mìíràn ti kó fọ́tò àtijọ́ náà kiri pẹ̀lú iye owó tó yàtọ̀ síra. Mo pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan, mo fi tuntun ránṣẹ́, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ ti àtijọ́ kúrò. Àwọn kan ṣe é lójú ẹsẹ̀, àwọn kan gba ìpè púpọ̀.

Ní báyìí, wọ́n ń to sólà sórí òrùlé ilé náà. Bí wọ́n bá ti parí, fọ́tò iwájú ilé ni n óò kọ́kọ́ pààrọ̀, n óò sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn èjẹ́ǹtì náà lọ́jọ́ kan náà.