Ẹ Má Jẹ́ Kí Prógíráàmù Yín Pa Ọ̀rọ̀ Mọ́ Sẹ́nu

Fídíò ìnáwó là ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Sábó, Ìkòròdú. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ iṣẹ́ wa pa iṣẹ́ tó ti ń lọ fún wákàtí méjì, mi ò sì lè bá a wí. Láti ìgbà tí a ti tan jẹnẹrétọ̀ ni 0% ò ti kúrò lójú wíńdò tí oníbàárà ń wò lórí kọ̀ǹpútà. Prógíráàmù méjì ló wà nídìí ẹ̀, èmi ni mo kọ wọ́n: ọ̀kan ń yí fídíò padà sí MP4, èkejì ń fi ibi tó dé han oníbàárà. Iṣẹ́ ń lọ geere. Ìròyìn rẹ̀ ni kò jáde.

Bí prógíráàmù bá ń kọ ọ̀rọ̀ sójú terminal, ìyẹn wíńdò tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ìlà kan kì í pẹ́ jáde. Bó bá jẹ́ inú pipe, ìyẹn ọ̀nà tí prógíráàmù kan ń gbà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí èkejì, ló ń kọ ọ́ sí, á máa kó o jọ sínú buffer, àyè ìkópamọ́ kékeré nínú mẹ́mórì, títí yóò fi kún, nǹkan bíi 4096 báìtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá ṣírò ẹ̀: bí ẹ bá kọ 0% títí dé 100%, tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà tirẹ̀, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 395 báìtì. Kò lè kún láéláé! Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ni gbogbo wọn máa ya jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kó máa tú ohun tó kó jọ jáde lójú ẹsẹ̀. Nínú èdè prógíráàmù Python, ẹ má fi print, àṣẹ tó ń kọ ọ̀rọ̀ jáde, sílẹ̀ lásán, ẹ fi flush=True sí i. Ní èdè C, fflush(stdout) ni.

Àwọn kan á ní fáìlì ló sàn ju pipe lọ. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tún fáìlì tí prógíráàmù kejì ń kà kọ lójú ibẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ṣí i láti tún un kọ ló ti ṣófo, ẹni tó bá yọjú sí i nígbà yẹn ò ní bá nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì mìíràn lórí díìsì kan náà, kí ẹ wá fi rename, àṣẹ tó ń yí orúkọ fáìlì padà, gbé e rọ́pò ti àtijọ́. Lórí Linux, ti àtijọ́ tàbí tuntun lódindi ni èkejì máa rí, kò ní rí àbọ̀.

Ẹ má sì gbára lé variable, ìyẹn iye tí prógíráàmù fi pamọ́ sínú mẹ́mórì rẹ̀: mẹ́mórì prógíráàmù kan ò kan èkejì.

Èyí tó dùn mí jù ni nọ́ńbà tó ń gbé lẹ́yìn ikú. Iná lọ, iná dé, a tún wíńdò ṣí, ó ka 62% nínú fáìlì. Ìyá ìyàwó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń retí 63. Kò sí iṣẹ́ kankan tó ń lọ. Ẹ máa kọ aago tí nọ́ńbà náà wọlé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní tiwa báyìí, bí ìṣẹ́jú méjì bá kọjá tí aago yẹn ò yí, wíńdò á pa nọ́ńbà rẹ́, á sì kọ ọ́ gàdàgbà pé: Iṣẹ́ ti dúró, ẹ pe ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà.