Ewé tíì kan náà, òróró méjì

"Ìwọ ọmọ yìí, o ti bu nǹkan mọ́ òróró yìí." Màmá ọlọ́ṣẹ tó máa ń rajà lọ́wọ́ mi ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣí ìgò kejì. Ó dùn mí gan-an. Àmọ́ nígbà tí mo gbóòórùn méjèèjì, mo rí i pé wọn ò dọ́gba lóòótọ́: èkíní ń ta nímú bí èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, èkejì rọ̀ bíi koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.

Oko mi lórí òkè lọ́nà Ìkòyí ni ewé tíì ti ìgò kìíní ti wá. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa nínú ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni ti èkejì. Bẹ́ẹ̀ ìdí kan náà ni mo fà ya tí mo fi gbìn wọ́n, ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Ká ní efinrin ni, mi ò bá di ẹ̀bi ru irúgbìn, torí efinrin mìíràn a máa kún fún èròjà olóòórùn tí wọ́n ń pè ní thymol, òmíràn fún èyí tí wọ́n ń pè ní eugenol, tó ń rùn bíi kànáfùrù.

Mo wá gé méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ kan, kílò méjì-méjì. Mo gbé ewé sórí asẹ́ nínú ìkòkò onídèérí líle, kí omi tó ń hó nísàlẹ̀ má kàn án. (Mo ti jẹ́ kó kàn án rí, òórùn ewé jíjóná ni mo bá nínú ìgò.) Ooru gba inú páìpù bàbà tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún fìríìjì ṣe, ó gba inú bókẹ́ẹ̀tì omi tútù, ó di omi, òróró sì léfòó sórí rẹ̀. Mo fi síríńjì fà á: ti òkè jẹ́ mílílítà 7, ti abẹ́ máńgòrò kò pé 4.

Oòrùn ni ewé fi ń ṣe oúnjẹ ara rẹ̀, inú oúnjẹ yẹn náà ló ti ń rí ohun tó fi ń ṣe òróró. Abẹ́ máńgòrò ò rí oòrùn tó. Omi ìwẹ̀ tí à ń dà síbẹ̀ lójoojúmọ́ tún wà níbẹ̀: ewé ga, ó tutù yọ̀yọ̀, àmọ́ omi ló pọ̀ nínú kílò méjì yẹn. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní citral, tó wà nínú òróró náà, ló ń fún ewé tíì ní òórùn ọsàn. Mi ò ní ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n, imú ni mo gbọ́kàn lé.

Mo gbé ìgò méjèèjì lọ bá màmá. Wọ́n gbóòórùn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọn ò kúkú bẹ̀ mí. "Ti orí òkè yẹn ni kí o máa gbé wá. Ti abẹ́ máńgòrò, máa fi mu tíì."