Fa Ìlà Sáàárín Ìwé: Bí A Ṣe Ń Dá Ọ̀rọ̀ Tí Kò Lẹ́sẹ̀ Nílẹ̀ Mọ̀

Ẹ mú bírò àti ìwé. Ẹ fa ìlà kan sáàárín ojú ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní apá òsì, ẹ kọ ohun tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fẹ́ kí ẹ gbà. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ ìdí tó fi ní kí ẹ gbà á. Bí mo ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kubwa, ní Àbújá, nìyẹn. Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé, wọ́n ní torí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára ni. Ohun tí wọn ò sọ ni pé akọ̀wé kì í ráyè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ráyè sọ̀rọ̀ a máa gbọ́ dáadáa. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún, apá ọ̀tún rẹ̀ ṣófo, tàbí kẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ kò kan ti apá òsì rárá.

Ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ ó máa bi apá ọ̀tún: ká ní òótọ́ ni ìdí yìí, ṣé ó wá di dandan kí ohun tó wà ní apá òsì náà jẹ́ òótọ́? Ẹ má kọ́kọ́ bèèrè bóyá irọ́ ni ìdí náà. Ọ̀pọ̀ ìdí tí kò gbé ọ̀rọ̀ ró, òótọ́ pọ́ńbélé ni, ìyẹn gan-an ló sì ń jẹ́ kó mú èèyàn. Aristotle, onímọ̀ ará Gíríìsì, ti to irú rẹ̀ 13 jọ láti nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn, àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sì ti fi kún un títí ó fi di àìmọye. Ẹ ò ní láti há orúkọ wọn sórí. Díẹ̀ nínú wọn ló ń yí po ní ìpàdé, nínú ọkọ̀ Nyanya àti lórí WhatsApp.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n dojú kọ ẹni tó sọ ọ́. A ra jẹnẹrétọ̀ fún ẹgbẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan dìde, ó ní iye tó wà lára rìsíìtì kò bá iye tí akápò kà mu. Kó tó jókòó, ẹ̀gbọ́n kan ti fèsì: “Ìwọ tí o jẹ ẹgbẹ́ lówó oṣù mẹ́rin, ìwọ lo wá fẹ́ ṣe ọ̀dítọ̀?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo wo ìwé mi. Apá òsì: kò sí ohun tó ṣe owó jẹnẹrétọ̀. Apá ọ̀tún: ẹni tó bèèrè jẹ gbèsè. Òótọ́ ni pé ó jẹ gbèsè o, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n bó bá san gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣé iye tó wà lára rìsíìtì á yí padà ni?

Bí ẹ ṣe máa dán irú èyí wò nìyí: ẹ mú ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ gbé e sẹ́nu ẹni tí ẹ bọ̀wọ̀ fún jù lọ. Bó bá jẹ́ pé alága fúnra rẹ̀ ló bi akápò ní ìbéèrè yẹn, ṣé ẹ ó ní kí wọ́n mú rìsíìtì wá? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ mú un wá. Ìgbà kan wà ṣá tí ìwà ẹni máa ń wọ ọ̀rọ̀: ìgbà tó bá jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí tí ẹ ní. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ fún yín ní Lugbe tó ní “ẹ ṣáà gbà mí gbọ́, ìwé ń bọ̀,” ẹ béèrè ohun tó ti ṣe fáwọn mìíràn kó tó kàn yín.

Àbúrò èyí ni “ìgbà tiyín ńkọ́?” Ẹ ní iná ò sí, wọ́n á ní ṣé ó wà nígbà ìjọba àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ó lè má sí nígbà yẹn lóòótọ́. Òkùnkùn tó wà níta ò tíì tán.

Ti àwa Yorùbá tó le jù, òwe ni, torí ó dùn létí. Ẹnìkan ní ká yéé gba owó oṣù lọ́wọ́, kí oníkálukú máa fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹgbẹ́. Bàbá kan tún fìlà rẹ̀ dé, ó ní, “Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.” Ẹ wo àtẹ́wọ́! Mo kọ òwe náà sí apá ọ̀tún, mo wá rí i pé kò sọ ohunkóhun nípa àkáǹtì. Nígbà tí òwe bá ti fẹ́ parí ìjíròrò, ẹ wá èkejì rẹ̀ tó dojú kọ ọ́. Ó sábà máa ń wà. “Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀” náà wà ńlẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá wúwo bákan náà, kò sí èyí tó lè dá ẹjọ́ àkáǹtì fún wa. Kí ẹ má rò pé mo ní kí ẹ má pòwe. Òwe ń gbé ọ̀rọ̀ tó ti nídìí yọ, kì í dípò ìdí.

Ẹ má sì wí fún àgbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n á bá yín wí, wọ́n á sì jàre. Ìyá kan tó ń tajà ní Wuse ló mọ bó ṣe ṣe é. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní: “Bàbá, ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ rí níbẹ̀ tí àwa ò rí?” Bàbá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní àwọn ìyá àgbà wa tó wà ní Dei-Dei kò mọ báńkì lò lórí fóònù, pé bí a ò bá gba owó ọwọ́ mọ́, ìtìjú ò ní jẹ́ kí wọ́n wá sípàdé mọ́. Ìdí gidi rèé! Inú wọn ló wà látàárọ̀, òwe ló bò ó. A fẹnu kò sí ọ̀nà méjèèjì.

Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014? Ebola ti wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù keje pẹ̀lú arìnrìn-àjò kan láti Liberia. Lóru ọjọ́ kan, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri: ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ẹ sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn èèyàn mu iyọ̀ kú, títí kan ní Jos níhìn-ín lókè Ọya. Síbẹ̀, títí di òní, ẹ ó rí ẹni tó máa wí fún yín pé, “Àwa wẹ̀ ẹ́, a mu ún, Ebola ò sì mú wa.” Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Apá òsì: iyọ̀ ń dènà Ebola. Apá ọ̀tún: mo lo iyọ̀, àrùn náà ò mú mi. Òótọ́ ni ìdí yẹn, ṣe ẹ rí i? Nǹkan kan ṣẹlẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n wá ní ti àkọ́kọ́ ló fà á.

Oògùn irú èyí ni kí ẹ wá àwọn tí kò ṣe é lọ. Ilé tó kù ní àdúgbò tí kò fojú kan iyọ̀ lóru yẹn, ṣé Ebola mú wọn ni? Kò mú ẹnikẹ́ni ní Àbújá. Èèyàn 20 ló mú ní gbogbo Nàìjíríà, ní Èkó àti Port Harcourt, 8 sì kú nínú wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn jáde, wọ́n ń lọ wò wọ́n nílé fún ọjọ́ 21. Iye wọn sún mọ́ 900. Ẹni tó wẹ iyọ̀ kò mọ̀ wọ́n, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ iyọ̀.

Ti Kano le ju èyí lọ, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun ń pa ọmọ, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò níbẹ̀ nínú ìwádìí tí 200 ọmọdé wà nínú rẹ̀. 11 nínú wọn kú. Wọ́n ṣe ẹjọ́ títí di 2009, kí ilé iṣẹ́ náà tó bá ìjọba Kano parí rẹ̀ pẹ̀lú mílíọ̀nù 75 dọ́là. Láàárín ìyẹn, ní 2003, àwọn kan ní àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi sọ àwọn ọmọ wọn di àgàn, Kano sì dá a dúró títí di 2004. Àrùn náà jáde láti òkè Ọya lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹ wo apá ọ̀tún: àwọn aláwọ̀ funfun ti dán oògùn wò lára wa rí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ Trovan kàn ní ẹ̀tọ́ láti fura. Àmọ́ ìfura ò lè sọ ohun tó wà nínú ìgò. Kí wọ́n yẹ ìgò náà wò ló lè sọ ọ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ padà pẹ̀lú èyí tí wọ́n ṣe ní Indonesia. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé irú kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tó wà látilẹ̀wá ti kúrò ní Áfíríkà.

Èyí tó kù, kíákíá. Ìyàwó ilé kan ní kí aṣọ ẹbí ọdún yìí mọ ní fìlà àti gèlè, wọ́n dá a lóhùn pé, “Àwọn tó fẹ́ kí àṣà Yorùbá parẹ́ ní Àbújá rèé.” Ẹni tó sọ ohun tí wọ́n ń fèsì sí yẹn ò sí nínú ilé. Kí ẹ tó fèsì, ẹ bi onítọ̀hún: “Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé…?” títí yóò fi ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ní ẹ mú ọ̀kan nínú méjì, pé ẹni tí kò sí lẹ́yìn alága ló fẹ́ tú ẹgbẹ́ ká, ẹ wá ìkẹta. Bí wọ́n bá ní ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí wọ jíǹsì wá lónìí, lọ́la wọ́n á sun ìlù, ẹ ní kí wọ́n ka ìgbésẹ̀ tó wà láàárín fún yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n àwa tó ń gbé lókè Ọya gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún “gbogbo wọn.” Mẹkáníìkì Hausa kan rẹ́ yín jẹ, ó ti di pé báyìí ni gbogbo Hausa. Bí Hausa bá sì ní Yorùbá ò mọ̀ ju òde ṣíṣe lọ, ẹ fàbínú yọ. Ẹni tó fún yín ní ṣéńjì tó pé, ẹ kì í rántí ojú rẹ̀ títí ẹ fi délé. Ẹni tó ṣe yín níbi nìkan lẹ ń kà.

Ohun kan ṣì kù o. Bí ìdí bá ṣubú, kò túmọ̀ sí pé ohun tó wà ní apá òsì ti di irọ́. Nígbà tí wọ́n mú rìsíìtì jẹnẹrétọ̀ wá nígbẹ̀yìn, owó ọkọ̀ tó gbé e láti Wuse ni wọn ò kọ sílẹ̀; akápò ò jí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n wa jàre, àmọ́ kì í ṣe nítorí ìdí tó mú wá.

Ẹ má máa ṣe gbogbo èyí níbi gbogbo. Lórí WhatsApp, ẹ bi í ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má dójú tì í láàárín ẹgbẹ́. Nínú ọkọ̀ láti Nyanya sí Berger ní ìdájí, èmi kì í dá sí i: awakọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ jù, ọwọ́ rẹ̀ ni sítíárìn sì wà.