Jíà máńúà tàbí DSG: bí mo ṣe yan Golf GTI mi

Golf GTI, ọkọ̀ Volkswagen, ni mo ti fọkàn sí, ìran keje rẹ̀, ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Performance. Àwọ̀ kò já mọ́ nǹkan kan lójú mi, ọdún náà kò sì le: 2014 sí 2016 ni owó ọwọ́ mi ká. Jíà nìkan ló kù tí mi ò tíì pinnu. Ṣé máńúà tí a ń fi ọwọ́ yí ni kí n rà, àbí DSG, ìyẹn jíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì (kílọ́ọ̀ṣì ló ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà) tó ń yí ara rẹ̀, tí kò ní pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì rárá? Manchester ni mò ń gbé, òdìkejì M60, mọ́tòwéè tó yí ìlú náà ká, ni ibi iṣẹ́ mi wà. Ẹni tó bá mọ M60 ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ti mọ ohun tí mò ń sọ.

Kí n tó jáde lọ wo ọkọ̀ kankan, mo kọ́kọ́ yẹ ìwé wò. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé oníkílọ́ọ̀ṣì méjì yára ju máńúà lọ, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Lórí ọkọ̀ mìíràn, òótọ́ ni. Ẹ wo Porsche 911 GT3 ti ọdún 2017: èyí tó ní PDK, orúkọ tí Porsche ń pe tirẹ̀, máa ń kúrò ní òdo dé 100 km/h láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3.4, nígbà tí máńúà ń lo 3.9. Nídìí eré ìje, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kì í ṣe ohun àfojúdi. Àmọ́ lórí GTI Performance tí èmi ń wá, iye kan náà ni Volkswagen kọ fún méjèèjì láti òdo dé 62 mph: 6.4. Táyà iwájú nìkan ló ń fa ọkọ̀ yìí. Bí jíà yára bí iná, ohun tí táyà méjì yẹn bá lè gbé mọ́lẹ̀ náà ni ọkọ̀ máa lò. Bí eré ṣe kúrò lórí òṣùwọ̀n nìyẹn.

Ohun tí mi ò retí ni ti owó orí ọkọ̀. Ní Britain, ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù kẹta ọdún 2001 títí di ìparí oṣù kẹta ọdún 2017, bí èéfín CO2 rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó lẹ ó fi san owó orí rẹ̀ lọ́dọọdún. Gíráàmù 139 ni ti máńúà fún kìlómítà kan, ti DSG jẹ́ 149. Ìpele méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n bọ́ sí. Owó náà kò pọ̀, àmọ́ ọdọọdún ni wọ́n ń gbà á.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ní Golf R pẹ̀lú DSG kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Àbúrò, kí lo fẹ́ fi ẹsẹ̀ òsì ṣe nínú gó-sílò? Ìjìyà ni!" Ìyàwó mi náà ní tirẹ̀. Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ tó ń yí jíà fúnra rẹ̀ nìkan ló ní, òfin ibí sì ni pé ẹni tó bá fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ìdánwò kò gbọdọ̀ wa máńúà. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá Tóbi, ẹ ra èyí tó bá wù yín. Àmọ́ lọ́jọ́ tí Yaris mi bá kọṣẹ́, ẹ̀yin lẹ máa gbé mi lọ sí wọ́ọ̀dù ní aago mẹ́fà ìdájí." Mo gbà.

DSG ni mo kọ́kọ́ lọ wò, lọ́dọ̀ oníṣòwò ọkọ̀ kan ní Stockport. Orí fóònù ni mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe tan ẹ́ńjìnnì kí n tó dé, nítorí jíà DSG tó bá ti fẹ́ bàjẹ́ lè fi ara pamọ́ tó bá ti gbóná. Mo fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì: ó tutù. Mo tan án, mo fi í sí D, ipò ìwakọ̀ ojoojúmọ́, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì láì tẹ ohunkóhun. Ó yẹ kí ọkọ̀ máa wọ́ lọ jẹ́jẹ́, láì gbọ̀n, láì ta pọ́ún. Mo fi rìfáàsì gun òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ọgbà wọn, mo sún un mọ́ ọkọ̀ iwájú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni wà nínú gó-sílò. Kò gbọ̀n. Mo ki ẹ̀rọ tí ń ka àṣìṣe ọkọ̀ sí ihò abẹ́ sítíárìn, kò sí àṣìṣe kankan fún jíà.

Mo wá bèèrè ìwé ọ́ìlì. DSG pọ̀ ní oríṣiríṣi, àwọn ènìyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Èyí tó wà nínú GTI yìí ni DQ250, oní jíà mẹ́fà. Inú ọ́ìlì ni kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń yí, ó sì lè gba agbára ìyípo tó 350 Nm, iye náà gan-an tí ẹ́ńjìnnì Performance ń mú jáde. DQ200 ni tàwọn ọkọ̀ kéékèèké: jíà méje, kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ, 250 Nm. Òun ló ba orúkọ DSG jẹ́. Ní ọdún 2013, Volkswagen ní láti pe ọkọ̀ tó ju 380,000 padà ní China nítorí wàhálà jíà yìí. DQ250 lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àmọ́ ó ní èèwọ̀ kan: ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀ ní gbogbo 40,000 máìlì. Máìlì 48,000 ni ọkọ̀ yìí ti rìn, risíìtì sì wà pé wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì ní 41,000. Ká ní risíìtì yẹn kò sí ni, kì bá sí ìdí fún mi láti wà á.

Mo wà á jáde. Ní D, ọkọ̀ náà fẹ́ sùn. Kò tíì pẹ́ lórí títì tó ti wà ní jíà kẹfà, nítorí àti fi epo pamọ́. Ẹ ó dé ráńdábáòtù, ẹ ó rí àyè, ẹ ó tẹ throttle, ìyẹn pẹ́dà iná, yóò sì ronú díẹ̀ kó tó lọ. Àtinú bí wọ́n ṣe ṣe é ni ìrònú yẹn ti wá. Bí ẹni kó àpótí jíà méjì pọ̀ sínú ọ̀kan ni: kílọ́ọ̀ṣì kan ń darí 1, 3, 5 àti rìfáàsì, èkejì ń darí 2, 4 àti 6. Bí ẹ bá wà ní 3, kọ̀ǹpútà ti fi 4 sílẹ̀ ní ìmúrasílẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nìkan ló kù kó dì mú. Bí ọ̀kan bá ṣe ń jọ̀wọ́ ni èkejì ń gbá a mú, agbára kò sì já láàárín. Ó dà bí ọmọ tó ti bu omi wá kí ẹ tó rán an. Àmọ́ bó bá jẹ́ iyọ̀ lẹ fẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé omi yẹn sílẹ̀, kó tún padà sí ilé ìdáná. Nígbà tí ọkọ̀ rò pé ẹ fẹ́ máa sáré sí i, tí ẹ wá fẹ́ kó rẹ̀ sílẹ̀ lójijì, ìdúró díẹ̀ yẹn nìyẹn.

Mo fi í sí S, ipò eré sísá, ó tún lọ sí òdìkejì: ó ń di jíà kékeré mú, ẹ́ńjìnnì ń ké lásán. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka yí i lẹ́yìn sítíárìn ni mo tó rí ohun tí ẹ̀gbọ́n rí. Pàá! Jíà ti wọlé kí ìka mi tó kúrò níbẹ̀. Bó bá ń rẹ̀ sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń fún ẹ́ńjìnnì níná díẹ̀ kí jíà lè wọ̀ láì ta. Kò sí ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn tó lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Adolphe Kégresse, ló ti ro èrò yìí ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, àmọ́ kò sí kọ̀ǹpútà tí yóò darí rẹ̀ nígbà náà. Porsche gbé e sínú ọkọ̀ eré ìje 956 àti 962 láàárín ọdún 1980 sí 1989. Ní 2003, Golf R32 ló wá jẹ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí aráàlú lè rà tó ní i. Lẹ́yìn náà ni Bugatti, Nissan GT-R àti Ferrari tó tẹ̀ lé e.

Máńúà wà lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan ní Glossop, máìlì rẹ̀ 61,000. Mo ti kọ́kọ́ fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà wo ìtàn MOT rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin ní kí ọkọ̀ ṣe, lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba, ọ̀fẹ́ ni, iye máìlì rẹ̀ sì ń gòkè létòlétò lọ́dọọdún. Orí ọ̀pá jíà rẹ̀ rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, àmì GTI àtijọ́ nìyẹn. Àyẹ̀wò kílọ́ọ̀ṣì kò gba àkókò. Mo wà á ní jíà kẹrin, eré kékeré, mo wá tẹ throttle mọ́lẹ̀ pátápátá. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ń lọ sókè tí ọkọ̀ kò yára sí i, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀, ó ti jẹ tán nìyẹn. Eléyìí mú un gírígírí. Mo tún gbé e dúró, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo jọ̀wọ́ rẹ̀, mo tẹ́tí bóyá flywheel, àgbá irin tó ń yí láàárín ẹ́ńjìnnì àti kílọ́ọ̀ṣì, ń dún kàlà-kàlà. Kò dún.

Bàbá náà jókòó tì mí, a gba Snake Pass lọ, títì A57 tó gba àárín òkè lọ sí Sheffield. Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí jíà kẹta kí n tó wọ kọ́nà, mo fún un níná díẹ̀ láàárín, ó wọlé. Nígbà kan ó wọlé dáadáa, nígbà mìíràn ó ta díẹ̀, bàbá sì rẹ́rìn-ín. Eré wa kò tó nǹkan rárá, síbẹ̀ ọwọ́ mi kò dilẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti mú un. Òfin ibí ni 60 máìlì lórí títì àárín ìgbèríko, 70 lórí mọ́tòwéè. Jíà kẹta GTI nìkan lè kọjá 70. Ibi tí DSG ti ń fi ara rẹ̀ hàn jù ni ibi tí wọ́n ti lè gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ mi. Máńúà ń fún mi níṣẹ́ ṣe láti 30 lọ sókè. Ti àtúnṣe tún wà níbẹ̀: gáréèjì kékeré kankan ní àdúgbò lè pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì máńúà, àmọ́ ẹ̀rọ mechatronic tó ń darí DSG, mélòó ló mọ̀ ọ́n tú? Ká ní ọkọ̀ tí mo fẹ́ gbé lọ sí pápá ìje ni, tàbí ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ tó 500 Nm, DSG ni ǹ bá rà láì wẹ̀yìn. Bó bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo la ní nílé, ìyàwó mi ti dá ẹjọ́ náà kí n tó jáde.

Mo san owó fún bàbá láti báńkì sí báńkì. Ó fún mi ní pélébé ìwé V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, tí ẹni tuntun ń mú dání, ó sì fi ìyókù ránṣẹ́ sí DVLA, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, lójú mi. Ẹ rántí pé owó orí tí olówó àtijọ́ ti san kì í tẹ̀ lé ọkọ̀. Mo lo nọ́ńbà orí pélébé yẹn láti san tèmi lórí fóònù, ínṣọ́ránsì ti bẹ̀rẹ̀ láti aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ náà, kí n tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ọ́ìlì jíà máńúà ni ìwé ọkọ̀ kò dá ọjọ́ pípààrọ̀ fún. Èmi máa pààrọ̀ tèmi kí òtútù tó dé.