Bí ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ mi ṣe dínkù

Oṣù kẹta ọdún 2023 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ọ̀rá ti kún inú ẹ̀dọ̀ mi. ALT mi, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pọ̀ sí i bí nǹkan bá ń ṣe ẹ̀dọ̀, jẹ́ 78. Mi ò kì í mu ọtí líle, mi ò sì ní àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B tàbí C. Ó kàn máa ń rẹ̀ mí ṣáá ni.

Mo kọ́kọ́ mu àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. ALT gòkè sí 96. Dókítà ní kí n dá a dúró kíá. Mo wá ń fo oúnjẹ àárọ̀, àmọ́ ẹ̀bà rẹpẹtẹ ni mo fi ń dí i lálẹ́.

Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni pé mo jáwọ́ nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti mọ́ọ̀tì. Ìgò méjì ni mò ń mu lójúmọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀dọ̀ a sì máa sọ àpọ̀jù ṣúgà di ọ̀rá. Ẹ̀bà mi ò ju ìkúùkù mi lọ mọ́, mo sì ń jẹ ẹ́ kó tó di aago méje alẹ́. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ ló wá ń kún àwo: ṣíbí epo méjì péré fún odindi ìkòkò, pẹ̀lú ẹja tútù. Ẹ̀wà ni mò ń jẹ láàárọ̀. Mo sì ń fi ẹsẹ̀ rìn fún ogójì ìṣẹ́jú lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mo ti bọ́ láti kílò 94 sí 86, ALT sì di 34. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run!

Bóyá tìrẹ ò rí bẹ́ẹ̀ o. Bó bá jẹ́ hepatitis tàbí ọtí líle ló fà á, oúnjẹ nìkan ò tó. Jọ̀ọ́, ṣe àyẹ̀wò ná. Ẹ̀pà tó bá sì ti bu, má jẹ ẹ́, dà á nù, torí ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.